Ìbínú Ọkà Bàbà

Muumme, ìyá mi, lórí òkè Girawa,
kì í gba irúgbìn lára ewé tó mọ́.
Àwọn aládùúgbò ń ṣa ọkà bàbà
tí ewé rẹ̀ tutù minimini, tí kò lábàwọ́n.
Òun a máa tẹjú mọ́ ewé
bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó ń purọ́,
títí yóò fi rí èyí tó ní àmì pupa wínníwínní
bí ẹni pé wọ́n ta osùn sí i lára.
“Arfase,” ó wí, “so okùn mọ́ èyí.
Ó ti jà rí.”

Mo rò pé àgbàlagbà ló ń ṣeré.

Ní báyìí mo wọ aṣọ funfun ní Haramaya,
mo jókòó ti awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.
Aago méjì òru. Tíì mi ti tutù.
Lórí ewé, ìrì kan. Nínú ìrì, ẹ̀yà olú kan
tó kéré ju erùpẹ̀ tó kó sí ènìyàn lójú.
Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ríbi wọ̀.
Àlejò yìí kò dúró de ẹnu ògiri.
Ó lẹ̀ mọ́ ewé, ó wú, ó dúdú,
ó sì ń fi gbogbo ara ti ilẹ̀kùn tí kò sí níbẹ̀.

Ewé kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá.
Kò ní ẹ̀jẹ̀ tí yóò rán lọ sójú ogun.
Yàrá kọ̀ọ̀kan, tí ojú lásán kò lè rí,
ni yóò dá gbèjà ara rẹ̀.
Ó fọwọ́ tọ́ àlejò wò: ta nìyí?
Ìròyìn ń ti ọwọ́ dé ọwọ́
títí dé ìyẹ̀wù, níbi tí ìwé àjogún wà ní kíká jọ.
Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé, ọ̀kan péré ló ń wá.
Bó bá ti rí i,
kíkà di iṣẹ́, iṣẹ́ di aró,
aró pupa tó kún inú àpò kéékèèké,
àwọn àpò ń wọ́ lọ síbi tí àlejò ti ń tì,
wọ́n sì bẹ́.
Májèlé ni. Ó pa àlejò.
Ó pa onílé pẹ̀lú.

Àmì wínníwínní tí ìyá mi ń wá kiri,
sàréè ni.

Kí ló dé tí kò pupa láti ọjọ́ tó ti hù,
kó máa rìn tòun ti idà lọ́wọ́?
Ìbínú ń jẹun ni.
Ọkà tó ń bínú lójoojúmọ́ kì í yọmọ.
Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ti ojú ìwé náà pa,
tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ olùṣọ́ kan.

Olùṣọ́ yẹn ni mo ń wá láti ọdún mẹ́ta.
Mo mú irúgbìn Nure, aládùúgbò wa, tí ewé rẹ̀ mọ́,
mo ka ìwé rẹ̀ lẹ́tà dé lẹ́tà.
Ohun kan ti fò láti ojú ìwé mìíràn
já sí àárín orúkọ olùṣọ́,
bí ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀,
gbólóhùn kò sì lè parí mọ́.
Àrùn ń kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó jí.
Ewé náà mọ́. Ó mọ́ títí ó fi kú.

Ọdún tí òjò pọ̀, oko Nure di eérú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.
Kò wá sílé wa. Ojú ń tì í.
Ìyá mi bu irúgbìn kún agolo,
ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lóru,
kò kan ilẹ̀kùn.

Lánàá mo pè é, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀:
ìwé, olùṣọ́, àpò, sàréè.
Ó dákẹ́. Ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.
“Ọdún mẹ́ta,” ó ní, “nítorí ìyẹn?
Èyí tí mo dì fún ọ nínú aṣọ,
ṣé o tiẹ̀ rántí gbìn lára rẹ̀?”